Ọkàn tí kò balẹ̀, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì

Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ìdààmú bá kì í sábà jẹ́ olùwà gbólóhùn. Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀, àyà rẹ̀ ló ń já, ara ló ń fu ú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré ní ilẹ̀ Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń pe ilé ní ulé, ìró ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ ìwé, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń to gbólóhùn báwọ̀nyí kò yí padà. Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí nǹkan ń ṣe gan-an ni yóò síwájú, "am", "was" tàbí "feel" á tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó dé.

Ibẹ̀ ni wàhálà akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe rẹpẹtẹ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. "Ga", "dára" àti "pupa" ń ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nínú "ó ga", "ó dára", "ó pupa", bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìwé gírámà Ayọ̀ Bámgbóṣé ti 1966 àti ti Ọládélé Awóbùlúyì ti 1978 ṣe tò wọ́n. Ẹni tó ti mọ́ lára láti sọ pé "ó ga" láìfi ohunkóhun sáàárín á máa wò ó pé kí ni "is" ń wá nínú gbólóhùn. Òun náà ló ń kọ "I worry" sílẹ̀ níbi tó yẹ kí "I am worried" wà, tàbí kó kọ "I am worry", tí kò jẹ́ ti ẹnì kankan.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ní fún àìbalẹ̀ ọkàn, "uneasy" ló ń tanni jẹ jù. "Easy" ni ohun tó rọrùn, "un-" sì ń sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a so méjèèjì pọ̀, a ní "The question was uneasy", ohun tó fẹ́ sọ sì ni pé ìbéèrè náà le. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò gba èyí. Ìbéèrè tó le jẹ́ "difficult", "hard" tàbí "not easy". Ènìyàn ni "uneasy" ń bá wí, ìtumọ̀ rẹ̀ tó sì súnmọ́ jù ní Yorùbá ni "ara ń fu ú".

Kí a sọ pé àgbẹ̀ kan ní Ìsẹ̀ sá kòkó síta, ni ojú ọ̀run bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. "The farmer was uneasy about the clouds." Òjò kò tíì rọ̀, kòkó kò tíì tutù, kò sì sí ohun tó ti bàjẹ́, nǹkan kan ṣáà ń sọ fún àgbẹ̀ náà pé kó dìde. Tí òjò bá wá rọ̀ tí kòkó sì tutù, "uneasy" ti kọjá nìyẹn. "Upset" ló kù.

"About" ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn tó máa ń tẹ̀ lé "uneasy" tí a bá fẹ́ sọ ohun tó fa àìbalẹ̀ ọkàn náà. "With" náà ń bá a lọ, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn tàbí ètò kan tí ẹni náà kò fara mọ́ tán: "She was uneasy with the arrangement". "Uneasy of" kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn "feel", ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló tọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. "He felt uneasy" ló dára. "Uneasily" wà fún ìṣe, bí ìgbà tí ènìyàn ń yí sọ́tùn-ún sósì lórí àga.

"Uneasy" tún lè wà níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Òru tí ẹnikẹ́ni kò fi ọkàn balẹ̀ sùn jẹ́ "an uneasy night". Àwọn akọ̀ròyìn Nàìjíríà fẹ́ràn "uneasy calm" débi pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó: ìjà ṣẹlẹ̀ ní ìlú lánàá, ọjà ti dákẹ́ lónìí, síbẹ̀ ara kò rọ ẹnikẹ́ni. Ìlò náà tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ìlú ni ọkàn wọn kò balẹ̀, tí a wá gbé e ka orí ìdákẹ́jẹ́. "An" ni ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn máa ń gbàgbé níwájú rẹ̀.

"Uncomfortable" kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí ó gba ènìyàn, ó gba nǹkan. Nínú ọkọ̀ tó ń lọ láti Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́, tí wọ́n fún èrò mẹ́rin pọ̀ sórí ìjókòó ẹni mẹ́ta, ìjókòó náà jẹ́ "uncomfortable", àwọn èrò náà sì jẹ́ "uncomfortable". Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí ni pé "convenient" kò rí báyìí. "Kò rọ̀ mí lọ́rùn" ni Yorùbá ń sọ fún ìjókòó tó ń dunni àti fún ọjọ́ ìpàdé tí kò báni lára mu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé "I am not convenient on Friday". Ọjọ́ Ẹtì ni kò rọrùn, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀: "Friday is not convenient for me."

Irú ìyàtọ̀ yìí kan náà ló wà láàárín "worried" àti "worrying". Ẹni tí ọ̀rọ̀ ká lára ni "worried". Ọ̀rọ̀ tó ká a lára ni "worrying". Ìyá tó ń dúró de èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ jẹ́ "worried". Tí èsì náà kò bá wá dára, èsì ni "worrying". WAEC, àjọ ìdánwò tó ti wà láti 1952, ń wo bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lo èdè nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí kókó ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹni tó ní èrò tó dára lè pàdánù máàkì síbi "-ed" àti "-ing".

"Anxious" ní ojú méjì. Tí "about" bá tẹ̀ lé e, àníyàn ni: "anxious about the result". Tí "to" àti ọ̀rọ̀-ìṣe bá tẹ̀ lé e, ẹni náà ń hára gàgà ni: "anxious to see the result", ó sì lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ń dùn. "Disturbed" gba ìṣọ́ra díẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹni tó ní òun jẹ́ "disturbed" ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan ń dà á láàmú, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, "a disturbed child" jẹ́ ọmọ tí ìṣòro ọpọlọ tàbí ti ìhùwàsí ń bá jà. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ̀wé sí òbí ọmọ kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ní kíláàsì, "worried" ló yẹ kó lò.