Ẹ̀rọ Ìlọta Mẹ́fà Nínú Ẹ́ńjìnnì Kan

Ẹni tó bá dàgbà ní abúlé tí wọ́n ti ń yan gàrí ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, etí rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́ láìmọ̀. Ó lè dùbúlẹ̀ sí yàrá, kó gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, kó sì mọ̀ bóyá ẹ̀gẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹnu rẹ̀ ni, tàbí bẹ́líìtì ti yọ, tàbí omi ti wọ epo dísù tí wọ́n rọ sí i. Ẹnikẹ́ni ò pè é jókòó kọ́ ọ. Ohun tó mú un rọrùn ni pé ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ò ju onísílíńdà kan lọ. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì Lister tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Dursley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1929, tí àwọn ará Íńdíà sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ jáde lọ́pọ̀ yanturu. Oríṣi rẹ̀ kan ń yí ní ìgbà 650 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀kan ni iná sì ń ràn nínú rẹ̀ láàárín ìyípo méjì. Ìró márùn-ún ó lé díẹ̀ nìyẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí èèyàn lè tọ́pa ìyẹn.

Ẹ wá bọ́ sí ìkóríta Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin. Ọkọ̀ tó ru gẹdú láti igbó ìjọba Olúwa wà níbẹ̀, tírélà tó kó sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó gbéra l'Ékòó tó ń lọ sí Oníṣà. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, tó tún ní tọ́bò, ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí irú rẹ̀ bá dúró sójú kan tó ń yí ní 600, ìgbà 30 ni iná ń ràn nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbogbo rẹ̀ ti di ariwo kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ń kan gbà-gbà-gbà, awakọ̀ á gbọ́ pé nǹkan ń ṣe ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tó ti ń ṣe é.

Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Mẹ́káníìkì á ní, "Alhaji, ẹ́ńjìnnì yìí ti fẹ́ nọ́ọ̀kì o, ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lóòótọ́, wọ́n á ra píìsítìnnì, ríìngì àti bẹ́ríìnnì, nígbà tó jẹ́ pé nọ́súlù kan péré, ẹnu tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà, ló ń kán epo. Ó ń dùn mí, torí onítírélà wà tí kò ní ju ọkọ̀ kan yẹn lọ láyé, tó sì tún jẹ gbèsè lórí rẹ̀.

Èrò mi ni pé ẹ́ńjìnnì tírélà ò ju ẹ̀rọ ìlọta mẹ́fà tí wọ́n tò sórí kíránkì kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ẹni tó ń wá ìdí ìró ni pé kó tún wọn yà sọ́tọ̀, kí etí lè gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbọ́ ti abúlé.

Ṣùgbọ́n epo ló kọ́kọ́ yẹ ní wíwò. Kò sí ẹ́ńjìnnì dísù tí kì í kan díẹ̀. Èyí tí Rudolf Diesel, ará Jámánì, ṣe tó yege lọ́dún 1897 kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Píìsítìnnì ló ń tẹ afẹ́fẹ́ títí tí yóò fi gbóná janjan, wọ́n á wá fọ́n epo sí i, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Kì í gbiná lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń lọ́ra díẹ̀, kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Bí ìlọ́ra yẹn bá gùn ju bó ṣe yẹ, epo á ti kó jọ kó tó ràn, gbogbo rẹ̀ á bú lẹ́ẹ̀kan náà, orí píìsítìnnì á sì gbà á. Epo tí wọ́n sè nínú igbó Niger Delta, tí wọ́n ń pè ní kpo-fire, lè fa èyí. Pọ́ńpù tí wọ́n so tó ń fọ́n epo ṣáájú àkókò lè fà á, nọ́súlù tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ náà lè fà á. Kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń lú dísù tún burú lọ́nà mìíràn, torí kò yọ̀ tó dísù, ó sì ń jẹ pọ́ńpù àti nọ́súlù. Kí wọ́n bu epo inú táńkì sínú ìgò funfun, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, á ti wálẹ̀ sí ìdí ìgò. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń gbọ̀n, tó ń gòkè tó ń sọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ iná, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ ń gba ojú páìpù epo wọlé.

Tọ́bò ni ẹ̀rọ ìlọta ò ní. Alfred Büchi, ará Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́dún 1905. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lọ ló ń yí àgbá kékeré kan, àgbá yẹn á yí èkejì tí wọ́n jọ wà lórí ọ̀pá kan, èkejì á sì máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò tì wọlé máa ń ki, ó máa ń gbóná, ó sì ń dín ìlọ́ra epo kù. Ẹ fiyè sí èyí dáadáa, torí ó wúlò púpọ̀: ìró tó wá láti ara epo sábà máa ń pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, á sì rọlẹ̀ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lára tí tọ́bò ń fẹ́. Ìró bẹ́ríìnnì kọ́nróòdù, ọ̀pá tó so píìsítìnnì mọ́ kíránkì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹrù ń mú un pọ̀ sí i, ọ́ìlì tó bá ti gbóná tún ń dá kún un. Píìsítìnnì tó ti jẹ ń kan láàárọ̀ kùtù, á sì dín kù bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń móoru. Ìbéèrè tó yẹ kí mẹ́káníìkì bi awakọ̀ nìyí kó tó mú sípánà: ìgbà wo ló ń dún jù?

Tọ́bò fúnra rẹ̀ náà ń ṣàìsàn. Bí róbà tó gbé afẹ́fẹ́ bá là, èéfín á dúdú, ọkọ̀ ò sì ní lágbára lórí òkè. Omi ọṣẹ tí wọ́n bá fi pa á lára lè fi ibi tó là hàn. Èéfín tó ń ṣe bí àwọ̀ aró ń sọ pé ọ́ìlì ń jó. Bí ọ́ìlì bá ń gba inú tọ́bò wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì lè fi ọ́ìlì ara rẹ̀ ṣe epo, kó máa sáré ṣáá, kí kọ́kọ́rọ́ má lè pa á. Pákó ni wọ́n á fi dí ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ dí i.

Ó wá ku ìyàsọ́tọ̀. Lára ọkọ̀ bíi Mack àtijọ́ tàbí Benz 911, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́súlù kan díẹ̀ kí epo má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n dì í padà, kí wọ́n bọ́ sí òmíràn. Bí ẹ́ńjìnnì bá rọ ṣùgbọ́n tí ìró náà ò kúrò, ti sílíńdà yẹn kọ́. Bí ohunkóhun ò bá yí padà, sílíńdà yẹn ti ń sùn tẹ́lẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa gbọ̀n. Bí ìró bá dákẹ́, a ti rí i. Kí wọ́n wá fi nọ́súlù rẹ̀ pààrọ̀ ti sílíńdà mìíràn. Bí ìró bá tẹ̀ lé nọ́súlù lọ, nọ́súlù nìkan ni wọ́n máa rà. Bó bá dúró síbi tó wà, kí wọ́n gé fílítà ọ́ìlì, kí wọ́n wo inú bébà rẹ̀ bóyá irin bẹ́ríìnnì ń dán níbẹ̀.

Kí wọ́n má dán títú nọ́ọ̀tì yìí wò lára Howo tàbí ọkọ̀ mìíràn tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń darí epo rẹ̀. Agbára epo inú páìpù irú wọn lè ju 20,000 psi lọ, nígbà tí táyà tírélà ò ju bíi 120 lọ. Epo yẹn lè gún awọ ọwọ́ wọnú ẹran. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò lè fi pa sílíńdà lọ́kọ̀ọ̀kan láìtú ohunkóhun, ọ̀nà kan náà sì ni wọ́n ń gbà ka èsì rẹ̀.

Bó bá jẹ́ irin ni wọ́n rí nínú fílítà, kí ọkọ̀ yẹn má ṣe rìn mọ́, ì báà ṣe pé Benin ò jìnnà. Kọ́nróòdù tó bá já lójú eré lè fọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì jáde, kó da ọ́ìlì sójú títì, kí tírélà sì kú sójú ọ̀nà nínú òkùnkùn láìní iná lẹ́yìn, nígbà tí bọ́ọ̀sì akérò ń sáré bọ̀. Kí wọ́n wá ọkọ̀ tí yóò fà á padà sí Ọ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́.