Níti Àwọn Ará Kétu àti Ọ̀họ̀rí Tí Wọ́n Ṣí Kúrò Lábẹ́ Ìjọba Faransé

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn bí àwọn baba wọn ti kọ àjàgà ìjọba àjèjì, àwọn tí ó gbé ìbọn àti idà ni a sábà máa ń dárúkọ. Ní ti ẹni tí ó di ẹrù rẹ̀ lóru, tí ó sì kó aya àti ọmọ lọ sí ilẹ̀ mìíràn, a kì í kà á mọ́ wọn. Ìsáǹsá ni à ń pè é, tàbí ojo. Ìdájọ́ yìí kò tọ́ lójú wa, a ó sì gbìyànjú láti fi ìdí rẹ̀ hàn.

Kí a kọ́kọ́ rántí àṣà àtijọ́. Láyé àwọn baba wa, ilẹ̀ pọ̀ ju ọwọ́ tí yóò ro ó lọ. Ènìyàn ni ọrọ̀ ọba, nítorí ọba tí kò ní ènìyàn kì í ṣe ọba mọ́. Nítorí náà ìdílé tí a bá rẹ́ jẹ lè kó kúrò nílùú, kí ó lọ tẹ ibòmíràn dó, tàbí kí ó lọ sìn lábẹ́ ọba mìíràn. Báyìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìjòyè mọ èyí dájú, ìbẹ̀rù rẹ̀ a sì máa dá ọwọ́ ìkà dúró. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Rehoboamu àti àwọn ẹ̀yà mẹ́wàá kò ní ṣàìmọ ohun tí a ń sọ.

Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹjọ, ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tí ó la ilẹ̀ Kétu já. Ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó ti ń wo ojú Alákétu láti ìgbà pípẹ́, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ahoro ni Kétu wà nígbà náà, nítorí ogun Dàhòmì ti fọ́ ọ ní ọdún 1886, wọ́n sì ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey. Nígbà tí Faransé gba Abomey lọ́wọ́ ọba Béhanzin ní ọdún 1892, ọ̀nà là fún àwọn ìgbèkùn láti padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Nítorí náà, bí olùdáǹdè ni Faransé ṣe kọ́kọ́ wá bá wọn.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àjàgà náà fi wúwo. Ní ọdún 1899 ni a gbé owó-orí kalẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ Faransé lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n, kí ó sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, láì mú un lọ sí ilé ẹjọ́ kankan. A ń fi ipá mú àwọn ọkùnrin ṣe iṣẹ́ ọ̀nà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, láti 1914 dé 1918, a ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sógun. Nígbà tí ogun sì parí, òfin ọdún 1919 sọ ọ́ di ti ọdọọdún, ọdún mẹ́ta sì ni ẹni tí a bá mú yóò fi sìn.

Àwọn Ọ̀họ̀rí gbé ohun ìjà. Ilẹ̀ wọn ní Kumi jẹ́ ilẹ̀ dúdú tí ó máa ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò, tí ẹsẹ̀ ọmọ-ogun a máa rì sí. Èyí ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Faransé ṣẹ́gun wọn. Nígbà náà, ẹsẹ̀ ni ohun ìjà tí ó kù.

Ọ̀nà kò jìn. Èdè kan náà ni à ń sọ ní ìhà kejì, ìbátan wà níbẹ̀, ọmọ-ogun Faransé kò sì lè lépa ènìyàn kọjá ààlà. Bí ìròyìn bá dé pé àwọn tí ń mú ni sógun ń bọ̀, ìletò a ṣófo. Ààrò tútù ni ajẹ́lẹ̀ yóò bá. Àwọn kan a padà nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀, wọn a sì tún lọ. Àwọn mìíràn kò padà mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èyí rọrùn. Wọ́n fi oko sílẹ̀, wọ́n fi igi ọ̀pẹ sílẹ̀, wọ́n fi ibojì baba wọn sílẹ̀ nínú ilé, wọ́n sì di àlejò tí ń tọrọ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìhà Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe Párádísè: owó-orí wà lára ohun tí ó fa Ogun Àdùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ọdún 1918. Ẹrù tí ó fúyẹ́ díẹ̀ ni wọ́n yàn, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì.

Síbẹ̀ ìṣílọ náà dun ìjọba. Gbogbo ìletò tí ó ṣófo ni owó-orí tí kò wọlé, àti ọmọ-ogun tí a kò rí mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, tí ó tẹ ìwé jáde ní ọdún 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun, fi yé wa pé ọ̀tẹ̀ ni irú ìṣílọ bẹ́ẹ̀. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún 1946 ni òfin Faransé tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Àwọn wọ̀nyí ti fi ẹsẹ̀ kọ̀ ọ́ tipẹ́tipẹ́.

Àrọ́mọdọ́mọ wọn wà ní Ìmẹ̀kọ àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa lónìí. A bẹ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà lẹ́bàá ààlà: ẹ rán àwọn ọmọ lọ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè ibi tí ìdílé wọn ti ṣí wá, àti ohun tí ó lé wọn. Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó kọjá lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan tijú nítorí pé baba ńlá rẹ̀ di ẹrù lóru.