Ẹ Wo Háńdù Kẹ̀kẹ́ Yín Kí Ẹ Tó Gùn Ún Lọ Síbi Iṣẹ́

Láti 1 oṣù Kẹfà 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà. Òṣìṣẹ́ tó bá wá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere dípò ọ̀kadà láti Agége lọ sí Ògbà, Agídíngbí tàbí Ọba Akran, òun àti tírélà ló jọ ń lo títì. Bí háńdù bá wọ́, apá kan á nà ju ìkejì lọ. Tí kòtò bá yọ lójijì, ẹ̀ẹ́ yà jù tàbí kí ẹ má yà tó.

Kì í ṣe jàǹbá nìkan ló ń mú un wọ́. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ti ògiri tó sì ṣubú, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ fi orúnkún há táyà iwájú, kí ẹ wo háńdù látòkè. Ó yẹ kó dábùú táyà gẹ́lẹ́, kí apá ọ̀tún má ṣáájú tòsì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn fi agbára lọ́ ọ padà, wọ́n á sì gùn ún lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Háńdù tí ọwọ́ lásán lè lọ́ padà, nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti dẹ̀ nìyẹn. Yóò tún yí mọ́ yín lọ́wọ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ iwájú tírélà.

Kẹ̀kẹ́ àtijọ́, irú Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló wà lórí ọ̀pá tó gbé háńdù dúró. Ẹ fi sípánà tú u yípo méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má yọ ọ́ tán. Ẹ gbé pákó lé e, ẹ fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́ kí irin tó há sínú lè tú. Ẹ wá tọ́ háńdù, kí ẹ dè é. Bí ẹ bá ń gbé e ga, ìlà tí wọ́n fín sára ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ yọ síta.

Tòkunbọ̀ òde òní sábà ní nọ́ọ̀tì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lókè. Tẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fi Allen key tú. Ẹ fi tòkè sílẹ̀, bẹ́ríìnì ọrùn kẹ̀kẹ́ ló wà fún. Ẹ tọ́ háńdù. Tí ẹ bá ń de tẹ̀gbẹ́ méjèèjì padà, ẹ fún kìíní díẹ̀, ẹ fún ìkejì díẹ̀, títí wọn yóò fi le dọ́gba.

Ẹ tún há táyà mọ́ orúnkún, ẹ gbìyànjú láti yí háńdù. Kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ wò ó pé wáyà bíréèkì kò fà nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá tọ́ tán tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin tó di táyà iwájú mú ló tẹ̀; ẹ gbé e fún mẹkáníìkì.

Ẹ má gbàgbé orí háńdù. Tí rọ́bà ibẹ̀ bá ti já, irin ti hàn síta nìyẹn, ó sì lè ṣe ẹ̀dọ̀ tàbí ìfun ọmọdé tó bá ṣubú lé e léṣe láìjẹ́ pé ojú ọgbẹ́ hàn. Ẹni tí háńdù gún níkùn, tí inú ń run ún, tó ń bì tàbí tí òòyì ń kọ́, kó má ṣe lo oògùn ìrora lọ sùn. Kó lọ sí ilé ìwòsàn LASUTH n'Ìkẹjà tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ní Orílé Agége lójú ẹsẹ̀, kó sì sọ fún dókítà pé háńdù kẹ̀kẹ́ ló gún òun, kí wọ́n lè mọ àyẹ̀wò tí wọ́n máa ṣe.