Ejò àti Àwọn Ẹranko Afàyàfà Ilẹ̀ Lẹ́kì

Ilẹ̀ tóóró ni Lẹ́kì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀sà wà ní apá àríwá rẹ̀, òkun ńlá sì wà ní gúúsù. Kí ilé tó kún ibẹ̀, irà àti igbó ni ó pọ̀ jù, àwọn ẹranko afàyàfà ni ó sì ń gbé inú wọn. Bí a ti ń da iyanrìn sí irà láti kọ́lé ni púpọ̀ nínú wọn ń yà wá sí àgbàlá wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ilẹ̀ náà ti rí látijọ́ lè dé ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá tí a dá sílẹ̀ ní Lẹ́kì ní ọdún 1990, níbi tí ọ̀nì àti awọ́nríwọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ẹ̀rù asán kúrò. Alángbá, ọmọ́nlé àti ọ̀gà kò ní oró. Ìgbẹ́ wọn ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ó lè gbé kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ máa bo ìkòkò ọbẹ̀, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ tí ó bá fi ìjàpá tàbí alángbá ṣeré. Ejò olóró inú òkun tí ó wà ní ìhà Éṣíà kò sí nínú òkun Àtìláńtíìkì rárá.

Ọ̀rọ̀ ìjàpá òkun yàtọ̀. A máa gòkè wá sí etíkun wa ní òru láti yé ẹyin sínú iyanrìn. Òfin kò gbà kí a pa á, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà tí ẹran rẹ̀ kò fi gbọdọ̀ wọ ìkòkò yín: nígbà mìíràn oró máa ń wà nínú rẹ̀, sísè kò sì lè pa oró náà. Ní erékùṣù Pemba ní Zanzibar, ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ọmọdé 8 àti àgbàlagbà 1 kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́. Ọmọ ọwọ́ pàápàá lè mu oró náà láti inú ọmú ìyá rẹ̀.

Nínú ejò, paramọ́lẹ̀ àti sèbé ni kí a bẹ̀rù jù. Paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní òkùnkùn ni í bù jẹ. Sèbé a máa gbé ọrùn sókè, òmíràn a sì máa tu oró sí ojú. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ da omi púpọ̀ sí ojú náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Eku ni í fa ejò wọlé. Ẹ kó ìdọ̀tí, pákó àti òkìtì búlọ́ọ̀kù kúrò lẹ́bàá ilé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì bí ẹ bá ń jáde lóru, kí ẹ sì ki etí àwọ̀n ẹ̀fọn bọ abẹ́ ẹní. Àwọn kan a máa da kánfọ̀ yí ilé ká. Èmi kò rí èrè nínú rẹ̀, ewu rẹ̀ sì pọ̀: ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò gba kánfọ̀, ó sì lè fa ibà apọ́njú tí ń ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́. Ẹ má ṣe fi í sí aṣọ ìkókó pẹ̀lú.

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fi ẹnu fa oró, ẹ má ṣe fi okùn dì í le. Gbogbo ìwọ̀nyí ń pa ẹran ara, wọ́n sì ń jẹ àkókò. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà ró kí ó má baà mì, kí ẹ sì gbé e lọ. Kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ó bá ń bì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì dùbúlẹ̀. Ẹ má ṣe lépa ejò náà. Bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá ń wálẹ̀, tàbí tí mímí ń ṣòro fún un, ewu ti dé.

Abẹ́rẹ́ aporó ni oògùn rẹ̀. Iye tí àgbàlagbà ń gbà ni ọmọdé ń gbà, nítorí ejò kì í dín oró rẹ̀ kù fún ọmọdé. Bí nọ́ọ̀sì bá gbé ìgò oògùn kan náà wá fún ọmọ ọdún 4, kí ìyá má ṣe kọ̀ ọ́. Aboyún pẹ̀lú lè gbà á. Oró ejò ni ó léwu jù fún oyún rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni oògùn yìí wà. Nítorí náà ẹ béèrè ní ọ̀sẹ̀ yìí èyí tí ó ní in nítòsí yín, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri.