Ọ̀pọ̀ Òṣìṣẹ́ Nìkan Kọ́ Ni Iṣẹ́ Yíyá: Àfiwé Ìgbékalẹ̀ Káàdì Àwòrán Nvidia àti AMD

Ìfáárà

Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ra kọ̀ǹpútà a máa bèèrè èyí tí ó dára jù nínú káàdì àwòrán Nvidia àti ti AMD. Iye òǹkà tí a kọ sára páálí ọjà ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe ìdájọ́. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé òǹkà nìkan kò tó gbé ìdájọ́ lé. Bí a ṣe ṣètò iṣẹ́ nínú káàdì náà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ Káàdì Àwòrán

Ojú kọ̀ǹpútà tí ó ní àmì 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró ní àmì tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 lápapọ̀. Nínú eré kọ̀ǹpútà, a lè ní láti ṣírò àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà gbọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ó dàbí àgbẹ̀ kan ní Ìpáò-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, tí ó fẹ́ dá nìkan kọ ebè oko iṣu ńlá. Yóò kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Bí ó bá bẹ ọ̀wẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè parí lọ́jọ́ kan. Ọ̀wẹ̀ yìí gan-an ni káàdì àwòrán.

Ọ̀nà Méjì Tí A Gbà Pín Iṣẹ́

Ọdún 1993 ni a dá Nvidia sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. ATI, tí a dá sílẹ̀ ní Kánádà ní ọdún 1985, ni AMD rà ní ọdún 2006. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, Nvidia gbé GeForce 8800 GTX jáde pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 128. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, AMD gbé Radeon HD 2900 XT jáde pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 320. Ẹni tí ó bá wo òǹkà yóò rò pé AMD ti borí. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ eré ìgbà náà, 8800 GTX ni ó yára jù, iná tí ó ń jẹ kò sì tó ti èkejì.

Kí ló fà á? Nínú káàdì Nvidia, olùdarí ń pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ lẹ́gbẹẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ebè tirẹ̀ ni oníkálukú ń kọ. AMD pín 320 sí ẹgbẹ́ 64, ó sì kó òṣìṣẹ́ márùn-ún jọ sídìí ebè kan. Bí ọ̀kan ti ń ro koríko, kí èkejì máa wa ilẹ̀, kí ẹ̀kẹta máa kó o jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbin iṣu kò lè ṣe ohunkóhun kí ebè tó dúró. Nígbà tí iṣẹ́ kan bá gbọ́dọ̀ dúró de òmíràn, àwọn yòókù a fọwọ́ lẹ́rán. Yàtọ̀ sí èyí, òṣìṣẹ́ Nvidia ń gbé ìgbésẹ̀ mílíọ̀nù 1,350 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti AMD sì ń gbé nǹkan bí mílíọ̀nù 742.

AMD kò jókòó tẹtẹrẹ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, ó gbé HD 4870 jáde ní dọ́là 299, nígbà tí GTX 280 ti Nvidia jẹ́ dọ́là 649. GTX 280 ṣì yára jù, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ agbára wọn kò tó ìyàtọ̀ owó wọn. Láìpẹ́, Nvidia dín owó tirẹ̀ kù sí 499. Oníbàárà ni ó jèrè ìfigagbága náà. Pẹ̀lú HD 7970 tí ó dé ọjà ní ọdún 2012, AMD pàápàá fi ìlànà kíkó òṣìṣẹ́ jọ sídìí ebè kan sílẹ̀.

Ohun Tí Ó Kàn Wá

Ẹ jẹ́ kí a wo méjì tí ó jáde ní ọdún 2023. RTX 4060 ti Nvidia jẹ́ dọ́là 299 nígbà tí ó jáde, RX 7600 ti AMD sì jẹ́ 269. Gígábáìtì 8 ni àyè ìrántí àwọn méjèèjì, wọn kò sì jìnnà síra nínú ọ̀pọ̀ eré. Ṣùgbọ́n wáàtì 115 ni a kọ fún ti àkọ́kọ́, 165 fún èkejì. Bí a bá fi wákàtí márùn-ún lò wọ́n lójúmọ́ tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, ìyàtọ̀ náà yóò di kílówáàtì-wákàtí kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tí ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí agbára oòrùn ṣiṣẹ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ohun kejì ni èdè wa. Ẹni tí ó ń gba ohùn àwọn àgbà Èkìtì sílẹ̀, tí ó sì fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá ohùn òkè mọ̀ yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, yóò nílò ọ̀wẹ̀ kan náà, nítorí ìṣirò ọ̀kẹ́ àìmọye ni iṣẹ́ náà. Nvidia ti gbé CUDA, ètò tí a fi ń bá káàdì rẹ̀ sọ̀rọ̀, jáde láti ọdún 2007. ROCm ti AMD kò dé títí di ọdún 2016. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ètò irú iṣẹ́ yìí ni a kọ́kọ́ kọ fún CUDA. Ẹni tí ó ra káàdì láìbèèrè bóyá ètò tí òun fẹ́ lò bá a mu lè fi owó ṣòfò.

Àgbálọgbábọ̀

Àfiwé yìí kò sọ pé ilé-iṣẹ́ kan dára ju èkejì lọ títí láé. Ohun tí ó fi hàn ni pé kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, kí a mọ ètò tí a óò fi ṣe é, kí a ṣírò iná tí yóò jẹ, kí a tó wo òǹkà ara páálí. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ju agbára lọ. Òṣìṣẹ́ 128 tí kò dúró de ara wọn ti fi hàn wá.