Nígbà Tí Fúlàní Bá Kọ́ Ilé Búlọ́ọ̀kù



Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi òfin de dída ẹran jẹ̀ kiri. Fúlàní kan tí mo mọ̀ láàrin Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti fi àgọ́ sílẹ̀, ó kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù. Mo bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn Jímọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-kéwú àti ilé-ìwé, inú mi sì dùn.

Ṣùgbọ́n inú ìyàwó rẹ̀ kò dùn. Nínú àṣà wọn, obìnrin ní í kọ́ àgọ́, òun ni ó sì ni owó wàrà. Nísisìyí, ọkọ ni ó ni ilé. Màlúù ti dínkù, wàrà sì ti gbẹ. Bákan náà ni àwọn obìnrin Lárúbáwá aṣálẹ̀, ìran Halima tí ó tọ́ Anábì wa, ṣe ń fi irun ewúrẹ́ hun àgọ́ kí wọn tó wọ inú ilé.

Súrá kẹrin, ẹsẹ 36, pàṣẹ oore fún aládùúgbò tí í ṣe àlejò. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ fún irú obìnrin yìí ní ìsọ̀. Ẹni tí a ní kí ó jókòó, ó yẹ kí á fún un ní àga.