Ọdẹ Tí Kò Gbé Ìbọn

Ẹni tó bá jí dé etí kánáàlì Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀ nínú oṣù Kọkànlá á rí i pé lékelèke ti dé. Òjò ń palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ ń yọjú, àwọn ọmọdé sì ti ń na ọwọ́ sókè kí ẹyẹ náà lè fún wọn ní èékánná funfun. Àwòdì ń rà bàbà lókè ààtàn. Ẹ̀gà gé etí imọ̀ ọ̀pẹ díẹ̀, ó fi ẹnu dì í mú, ó fò, imọ̀ sì ya gbọọrọ tẹ̀lé e. Ojú lásán tó fún gbogbo èyí. Síbẹ̀ àwọn kan ń dá owó ọkọ̀ jọ, wọ́n ń gbé awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú kọ́ ọrùn, wọ́n sì ń lọ wo ẹyẹ níbòmíràn.

Ẹgbẹ́ awoẹyẹ nìyẹn. Ti Èkó kì í sábà rìn jìnnà: Lẹkí ni, sí ilẹ̀ àbàtà héktà 78 tí Nigerian Conservation Foundation ń mójú tó láti 1990. Ẹni tápò rẹ̀ bá gbà á á dé igbó ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA n'Ìbàdàn, bóyá orí á ṣe é kó rí ẹ̀yà ẹ̀gà pupa òun dúdú tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà sọ ní 1958, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àmọ́ ìrìn tí gbogbo wọn ń lá lálàá ni ti etí aṣálẹ̀, ní adágún Nguru, níbi tí pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ti Yúróòpù fò kọjá Sàhárà ń bà sí lópin ọdún. Láti 2009 tí wàhálà Boko Haram ti bẹ́ sílẹ̀ lápá ibẹ̀, ojú àlá náà ni ọ̀pọ̀ ti ń rìn ín.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó ọkọ̀. Fóònù ni. Ṣé ó tọ́ kí amọ̀nà tẹ ohùn akọ ẹyẹ tó ti gbà sílẹ̀ síta, kí èyí tó wà nínú igbó lè yọjú? Ìjà ló ń bá jáde o, kò wá kí àlejò. Lójú tirẹ̀, akọ mìíràn ti wọ agbègbè òun, ó fẹ́ gba aya òun. Á fi oúnjẹ sílẹ̀, á fi ẹyin sílẹ̀, á máa ké láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, á máa wá ọ̀tá tó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ìṣẹ́jú kan péré ni, wọ́n ní ó sàn ju kí èèyàn 20 máa tẹ igbó mọ́lẹ̀ kiri lọ. Àwíjàre yìí dùn létí, àfi tí ẹgbẹ́ mìíràn bá dé lọ́la, tí òmíràn tún dé lọ́túnla, tí gbogbo wọn ń tẹ ohùn kan náà nídìí igi kan náà. Nínú àwọn igbó àìro tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń dáàbò bò, òfin kò gbà á. Níhìn-ín, ẹ̀rí ọkàn amọ̀nà ló kù, amọ̀nà sì mọ̀ pé ẹni tó sanwó tí kò rí ẹyẹ kì í padà wá.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọdẹ ti ṣe gbogbo èyí tipẹ́. Ó ń súfèé bí ẹyẹ kí ẹyẹ lè dá a lóhùn, kò sì sọ pé ìfẹ́ ẹyẹ ló gbé òun débẹ̀. Kò ṣọ̀wọ́n kí amọ̀nà tó dáńgájíá jẹ́ ẹni tó ti dẹ̀gbẹ́ rí. Etí rẹ̀ á ti gbọ́ ẹyẹ mẹ́wàá kí àwọn aláwò tó rí ẹyọ kan. Àwọn òyìnbó pàápàá, inú ọdẹ ni wọ́n ti bọ́ sídìí rẹ̀. Ọjọ́ Kérésìmesì 1900 ni Frank Chapman, onímọ̀ nípa ẹyẹ, rọ àwọn ará Amẹ́ríkà pé dípò kí wọ́n máa díje ẹni tó máa pa ẹyẹ jù, kí wọ́n kúkú kà á. Èèyàn 27 ló jáde. Wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀, wọn ò gbé ìdíje sílẹ̀: títí dòní, iye ẹyẹ tó wà nínú ìwé tẹnìkan lè mú kí tẹlòmíràn máà rí oorun sùn.

Ìwé náà ṣe é gbèjà, mi ò jiyàn. Láti 2015, Nigerian Bird Atlas Project ti pín orílẹ̀-èdè yìí sí onígun mẹ́rin kéékèèké, bíi kìlómítà 9 ní ìbú àti òró. Ẹni tó bá mú ọ̀kan á lo wákàtí 2 ó kéré tán níbẹ̀, á kọ gbogbo ẹyẹ tó rí tàbí tó gbọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yọ tẹ̀léra. Lékelèke Ìsọlọ̀ àti pẹ́pẹ́yẹ Nguru, ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Àyè tó ṣófo náà ń sọ̀rọ̀. Igún, tí ààtàn àti ilé ìpẹran jẹ́ ojúlé rẹ̀ nígbà kan, ti wọ ìsọ̀rí àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n run láyé láti 2015 yẹn kan náà, orí àti ìyẹ́ rẹ̀ sì ń bẹ lórí àtẹ àwọn tó ń ta èròjà ìṣègùn.

Ẹni tó bá jókòó wákàtí 2 létí kánáàlì láàárọ̀ á kọ lékelèke, á kọ àwòdì, kannakánná, ẹyẹlé, ẹ̀gà. Kò dájú pé á kọ igún.